Ìwọ̀n Ìfiwéra fún Àyẹ̀wò Ẹ̀dọ̀fóró Àwọn Àgbàlagbà

Àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀fóró ni a fi ń mọ bí afẹ́fẹ́ tí ènìyàn lè mí síta ti pọ̀ tó àti bí ó ti ń yára jáde sí. Ẹni tí a ń yẹ̀ wò yóò fa èémí sínú títí àyà rẹ̀ yóò fi kún, yóò fi ètè di ọ̀pá ẹ̀rọ spirometer pinpin, yóò sì fẹ́ èémí jáde pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó gbọ́dọ̀ ṣe é dáadáa. FEV1 lórí ìwé èsì ni iye tó jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kìn-ín-ní. FVC sì ni àpapọ̀ rẹ̀.

Ohun tí ìwọ̀n ìfiwéra jẹ́

Nọ́ḿbà nìkan kò lè sọ bóyá ara dá. A ní láti fi wé ti àwọn tí ara wọn dá, tí wọn kì í mu sìgá, tí ọjọ́ orí àti gíga wọn sì bá ti ẹni náà mu, ọkùnrin sí ọkùnrin, obìnrin sí obìnrin. Ìwọ̀n GLI ti ọdún 2012 dé orí ẹni ọdún 95, ṣùgbọ́n ó pín àwọn ènìyàn sí ẹ̀yà. Ní ọdún 2023, ẹgbẹ́ American Thoracic Society gbani níyànjú pé kí a máa lo ìwọ̀n kan náà fún gbogbo ẹ̀yà.

Ìdí tí ọjọ́ orí fi ṣe pàtàkì

Agbára ẹ̀dọ̀fóró máa ń dé òkè téńté ní nǹkan bí ọmọ ọdún 20 sí 25. Lẹ́yìn náà, FEV1 máa ń dínkù díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, kódà lára ẹni tí kò ṣàìsàn. Ó tún máa ń yára dínkù ju FVC lọ. Nítorí náà, bí a bá fi FVC pín FEV1, èsì rẹ̀ máa ń relẹ̀ bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé nìyí. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn máa ń ka èsì tí kò tó 0.70 sí àmì pé ọ̀nà èémí dí. Bí bàbá ẹni ọdún 78 bá fẹ́ lítà 2 jáde nínú lítà 3, èsì rẹ̀ jẹ́ 0.67. Òfin 0.70 yóò pè é ní aláìsàn, bẹ́ẹ̀ ó lè má yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ara wọn le. Ààlà tó tọ́ ni èyí tí ènìyàn 5 péré nínú 100 tí ara wọn dá máa ń wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ohun tí a rọ̀ yín láti ṣe

• Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn gíga yín lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá ti tẹ̀, wọ́n lè na apá méjèèjì kí wọ́n sì wọn ọ́n dípò rẹ̀.
• Ẹ sọ fún dókítà bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ní àìsàn ọkàn tàbí iṣẹ́ abẹ.
• Ẹ béèrè ìwọ̀n ìfiwéra tí wọ́n lò, kí ẹ sì tọ́jú ìwé èsì fún ìgbà mìíràn.
• Ẹ má ṣe ka ikọ́ tí kò lọ tàbí èémí tó ń gbé sókè sí ọjọ́ ogbó lásán, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti dáná igi pẹ́, tí ẹ mu sìgá, tàbí tí ẹ ti ní ikọ́ ife rí. Ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn.