Kíláàsì Kẹta Ló Gbé Rélùwéè Íńdíà Ró

Teṣan Ọ̀ffà ni mo ti ta tíkẹ́ẹ̀tì títí mo fi fẹ̀yìn tì, ọmọ mi kan sì ń gbé Pune ní Íńdíà. Nítorí náà, bí ará àdúgbò bá fẹ́ gbé aláìsàn lọ sí Chennai tàbí kó lọ ra aṣọ ní Mumbai, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀: "Bàbá Rélùwéè, ọkọ̀ wo ni ká wọ̀ lọ́hùn-ún?" Èmi a ní kó jókòó ná, torí ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀.

Kí rélùwéè tó dé, ẹsẹ̀ ni tálákà Íńdíà fi ń rìn. Ẹni tó rọ́wọ́ mú díẹ̀ a wọ kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà. Olówó a jókòó sínú àpótí tí àwọn èèyàn gbé léjìká. Ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 1853 ni ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ gbé èrò, láti Bori Bunder ní Bombay (Mumbai ti òde òní) lọ sí Thane, máìlì 21. Ẹ́ńjìnnì mẹ́ta ló fà á, wọ́n sì sọ wọ́n lórúkọ: Sahib, Sindh àti Sultan. Tiwa kò ti Èkó wọ Ìbàdàn àfi ní 1901.

Àwọn òyìnbó tó dáwó ní London kò fi bẹ́ẹ̀ ro ti èrò. Òwú ni wọ́n fẹ́ máa kó dé èbúté, àti ọmọ ogun tí wọ́n fẹ́ máa kó kiri. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ará Íńdíà tòṣì ju kó sanwó ọkọ̀ lọ, pé ọmọ ìdílé gíga kò sì ní gbà kí ẹni ìsàlẹ̀ bá òun jókòó lórí àga kan náà. Kí ló tiẹ̀ kàn wọ́n níbẹ̀? Ìjọba ti ṣèlérí èrè 5% lórí owó wọn lọ́dọọdún, ọkọ̀ ì báà pawó, kó má pawó. Àpò ará Íńdíà ni wọ́n sì ti ń yọ ọ́. Èmi ò tíì rí òwò tó dẹrùn tó bẹ́ẹ̀.

Àfi bí èrò ṣe ya bo ọkọ̀. Ẹni tó ń lọ jọ́sìn ní Varanasi tàbí Puri, alágbàṣe, ìyàwó tó ń lọ kí ìyá rẹ̀, kíláàsì kẹta ni gbogbo wọn ń wọ́ lọ, àti ọmọ ìdílé gíga àti ẹni ìsàlẹ̀. Owó táṣẹ́rẹ́ wọn wá pọ̀ ju ti kíláàsì kìíní àti ìkejì lọ fíìfíì. Báwo ni wọ́n ṣe wá tọ́jú wọn? Níbẹ̀rẹ̀, kò sí àga nínú àwọn ọkọ̀ kan. Ìdúró ni èrò ń bá lọ. Ó lé ní àádọ́ta ọdún kí kíláàsì kẹta tó rí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Nígbà tí Gandhi ti South Africa padà dé ní 1915, kíláàsì kẹta yìí ló ń wọ̀ káàkiri, ó sì kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sínú ìwé pélébé kan ní 1917: ìdọ̀tí, ìhágágá, ìwọ̀sí.

Teṣan tí wọ́n ń pè ní Victoria Terminus tẹ́lẹ̀ ní Mumbai ni àwọn àlejò ń ya ní fọ́tò. Lójú tèmi, òkè Bhor Ghat tí ọkọ̀ ń gùn lọ sí Pune, tó ń tinú ihò kan bọ́ sínú òmíràn, ló yẹ ká wò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lébìrà ló gbẹ́ òkúta yẹn, onígbáméjì àti ìjàǹbá sì pa wọ́n lọ rẹpẹtẹ kí wọ́n tó ṣí i ní 1863.

Ní nǹkan bí 1979, ìjọba wa gbé rélùwéè wa fún RITES, iléeṣẹ́ Íńdíà, pé kí wọ́n bá wa darí ẹ̀. Mo bá wọn ṣiṣẹ́. Wọ́n máa ń fi ojú irin wa ṣẹ̀fẹ̀, torí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀ ni ìbú rẹ̀, tiwọn tó gbòòrò jẹ́ márùn-ún àti ààbọ̀. Ìbú yẹn tún fún wọn láyè sí i láti to bẹ́ẹ̀dì, kí ènìyàn ṣì rí ọ̀nà gbà kọjá. Ní 1969 wọ́n ti ní Rajdhani, ọkọ̀ ayára onítútù láàárín Kolkata àti Delhi. Ní 1974 wọ́n pa orúkọ kíláàsì kẹta rẹ́. Ní 1986 kọ̀ǹpútà ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Delhi. Nígbà yẹn, káàdì kékeré làwa ṣì ń lu déètì sí.

Ó dáa, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ. Bí ẹ bá gbé aláìsàn lọ́wọ́, bàálù ni kí ẹ wọ̀: Delhi sí Chennai lé ní 2,000 kìlómítà. Ẹni tí ara rẹ̀ le, kó ra 3AC, bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta-mẹ́ta pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù. Owó rẹ̀ kò gani lára. Ẹ tètè rà á, ó kéré tán bí oṣù kan ṣáájú. Bí ẹ bá rí WL lára tíkẹ́ẹ̀tì, orí ìlà lẹ ṣì wà, ẹ kò tíì ní bẹ́ẹ̀dì. Láàárín ìlú Delhi, Metro tí wọ́n ṣí ní 2002 ló dára jù. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ò ní ṣe yín ní àjèjì, Bajaj tó ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú tiwa, ará Pune ni. Ẹ sáà ná an kí ẹ tó jókòó. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní general, tí kò ní nọ́ńbà ìjókòó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ̀ ọ́ lọ ọ̀nà jíjìn lóru. Orúkọ kíláàsì kẹta nìkan ni wọ́n pa rẹ́ ní 1974.