Ètò ìkọ́ṣẹ́ SIWES ní Ìkẹjà àti Agége

SIWES jẹ́ ètò ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà tí ó ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbogboǹṣe lọ sí ilé-iṣẹ́, kí wọ́n lè fọwọ́ ara wọn mọ iṣẹ́ kí wọ́n tó gba ìwé-ẹ̀rí. "IT" ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń pè é. Àgbègbè ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà àti Agége, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, wà lára ibi tí wọ́n ti ń wá àyè ìkọ́ṣẹ́.

Ìtàn

Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni ó ṣètò ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà ṣáájú òmìnira. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí níbẹ̀ ní ọdún 1962. Dunlop ń ṣe táyà, Cadbury sì wà ní Agidingbi. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ wọn ń gbé ní Agége. Ní ọdún 1971 ni ìjọba dá àjọ ITF sílẹ̀. Ní 1973, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ SIWES, nítorí pé àwọn agbanisíṣẹ́ ń ráhùn pé ìwé nìkan ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde mọ̀.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹ̀ka SIWES ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní lẹ́tà. Lọ́pọ̀ ìgbà, akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e kiri láti ẹnu géètì kan dé òmíràn. Oṣù 4 ni ìkọ́ṣẹ́ àwọn ti gbogboǹṣe. Ti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì jẹ́ oṣù 6. Akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀ sínú ìwé kan, ọ̀gá rẹ̀ ń fọwọ́ sí i, olùkọ́ sì ń wá bẹ̀ ẹ́ wò. Òfin ITF ní kí agbanisíṣẹ́ gba akẹ́kọ̀ọ́ sí ìkọ́ṣẹ́. Ó sì ní kí ẹni tí ó ní òṣìṣẹ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ san ìdá 1 nínú 100 owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún àjọ náà.

Àbájáde

SIWES kì í ṣe ìlérí iṣẹ́. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ á ti mọ ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ó lè padà síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agùnbánirọ̀ tàbí òṣìṣẹ́. Ẹni tí kò rí àyè nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ lè lo oṣù rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ẹ̀dà ìwé, kí ó sì jáde láìfọwọ́ kan iṣẹ́ tí ó kọ́.

Àyè wọ̀nyí kò lè ju ilé-iṣẹ́ tí ó wà lọ. Nígbà tí Dunlop dá táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní 2008, kì í ṣe iṣẹ́ òṣìṣẹ́ nìkan ni ó lọ; àyè àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ì bá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ bá a lọ. Ní 2016, Ìpínlẹ̀ Èkó dá àjọ LSETF sílẹ̀ láti yá àwọn oníṣòwò lówó àti láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ ní iṣẹ́.