Fíríìjì Ilé Wa ní Aládé àti Ìtàn Ọ̀rọ̀ Tòkunbọ̀

Àwọn àgbà ní bí a kò bá rí àdán, a fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ní ọdún 2011, òwe yìí bá wa wí ní ilé wa ní Aládé, Ìdànrè, nígbà tí fíríìjì tí bàbá mi fi owó kòkó rà ní ọdún 1979 kò mú omi tutù mọ́.

Kí fíríìjì náà tó dé, àmù ni a ní. Omi a máa rọra sun jáde lára amọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń gbẹ ẹ́ ni ó ń kó ooru lọ, omi inú àmù a sì tutù. Iṣẹ́ fíríìjì kò jìnnà sí èyí: gáàsì tí ń yípo nínú ọ̀pá rẹ̀ ni ó ń kó ooru inú jáde sẹ́yìn.

Gáàsì yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Olóró ni gáàsì inú ọ̀pọ̀ fíríìjì àkọ́kọ́ ní òkè òkun. Bí ó bá jò, ó lè pa onílé. Ní ọdún 1928, Thomas Midgley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà rí irú mìíràn tí kì í gbiná, tí kì í sì í pani. Nínú ẹbí gáàsì yìí ni R-12 ti jáde, òun ni ó sì wà nínú fíríìjì bàbá mi. Àṣé òkè ọ̀run ni ewu tirẹ̀ wà! Ní ọdún 1974, Mario Molina àti Sherwood Rowland ṣàlàyé pé irú gáàsì bẹ́ẹ̀ ń ba ósóònù jẹ́, ìyẹn ìbòrí tí ń gbà wá lọ́wọ́ oró ìtànṣán oòrùn. Ní ọdún 1985, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé ìbòrí náà ti fẹ́lẹ́ gidigidi lókè Antarctica. Ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1987, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn Montreal. Nàìjíríà dara pọ̀ mọ́ ọn ní ọdún 1988. Nígbà tí ọdún 2010 wọlé, àsìkò R-12 ti parí ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa pàápàá.

Ọkùnrin tí ó wá tún un ṣe wí fún ìyá mi pé, "Màmá, ẹ má bínú, gáàsì rẹ̀ kò sí lọ́jà mọ́. Èyí tí ó wà kò bá òróró inú ẹ̀rọ yìí rẹ́." Ìyá mi ṣáà bẹ̀ ẹ́, ó sì rọ tuntun sí i. Kò pé oṣù méjì tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fi jóná.

Àbúrò mi ní kí á ra tòkunbọ̀. Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. *Ti òkun bọ̀*: orúkọ ọmọ tí a bí ní ìdálẹ̀ tí a sì gbé wálé ni, orúkọ ayọ̀. Ní ọdún 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. Ìjọba yí ètò ọrọ̀ ajé padà ní ọdún 1986, nígbà tí ó sì di ọdún 1987, dọ́là kan ti di nǹkan bíi náírà mẹ́rin. Apá ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ká ọjà tuntun mọ́. Ọkọ̀ àlòkù àti ẹ̀rọ àlòkù gba ìlú, orúkọ ọmọ sì di orúkọ ọjà.

Ìyá mi kò gbà. Ó ní, "Ohun tí ó ti sú ẹlòmíràn ni ẹ fẹ́ fi rọ́pò ohun tí ó kú mọ́ mi lọ́wọ́?" Òfin pàápàá wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí fíríìjì àlòkù wà lára ọjà tí ìjọba kò fẹ́ kí á kó wọlé. A dáwó jọ, a ra tuntun kékeré kan.

Ìyá mi kò jẹ́ kí á ta ti àtijọ́ fún àwọn tí ń ra irin. Ó sọ ọ́ di àpótí èlùbọ́. Nígbà tí iná mànàmáná bá sì lọ, inú àmù ni gbogbo wa ń padà bu omi tútù.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé yín: kí ni wọ́n ń pe ẹrù àlòkù kí ó tó di tòkunbọ̀?