Àmù Pa Awọ Dà: Ìtàn Omi Ìpamọ́ ní Kòsọ́fẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ọ̀rọ̀ oore ṣíṣe ni a sábà máa ń fi òwe yìí yanjú, a sì ń gbàgbé pé omi gan-an ni òwe náà kọ́kọ́ dárúkọ. Kì í ṣe ẹni tí ó sáré wá omi lọ́jọ́ tí òùngbẹ dé ni òwe yìí ń yìn, bí kò ṣe ẹni tí ó ti ní omi nílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Ìtàn irú omi bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ tọ̀ nínú àròkọ yìí, ní agbègbè Kòsọ́fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí Kétu, Ìkòsì, Àgbòyí àti Máìlì 12 wà. Ohun tí ìtàn náà fi hàn ni pé àmù tí àwọn baba ńlá wa fi ń pa omi mọ́ kò kú rárá. Awọ ni ó pa dà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń pa awọ dà, òfin tí ó so mọ́ ọn kò bá a kọjá sínú awọ tuntun. Ibẹ̀ ni ewu ti ń wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilẹ̀ náà. Odò Ògùn, tí àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ mọ̀ sí odò Yemọja, ṣẹ̀ láti ìhà Ṣakí, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì já sínú ọ̀sà Èkó ní ìhà Kòsọ́fẹ́ yìí. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ojú odò náà ni àwọn ọlọ́kọ̀ ń gbà kó ẹrù láàrin ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Èkó. A lè sọ nígbà náà pé omi yí àwọn ará ibẹ̀ ká. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni omi tí ojú rí, ọ̀tọ̀ ni omi tí ẹnu lè mu. Omi ọ̀sà a máa níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi odò a sì máa dàrú nígbà òjò. Ẹni tí ó ń gbé létí odò pàápàá kò lè ṣe kí ó má ní omi nínú ilé.

Nítorí náà ni ilé kọ̀ọ̀kan ṣe ní àmù tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ìkòkò amọ̀ ńlá ni àmù. Orù kéré sí i, ọrùn rẹ̀ sì há. Akèrègbè ni a fi ń gbé omi lọ sí oko àti ìrìn àjò. Ara amọ̀ a máa jẹ́ kí omi díẹ̀ yọ jáde síta ìkòkò, afẹ́fẹ́ a sì gbẹ ẹ́ lọ. Èyí ni ó ń mú kí omi inú rẹ̀ tutù láìlo ẹ̀rọ kankan. Ní ilé tí a ti mọ ìtọ́jú, àmù ní òfin. A kì í da omi tuntun lé ògbólógbòó. A ó kọ́kọ́ ṣan ìkòkò. A kì í fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ láìdé. Igbá tí a fi ń bu omi kì í ṣe igbá tí a fi ń mu ún, a kì í sì ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Omi mímu ní ìkòkò tirẹ̀, omi ìwẹ̀ àti omi ìfọṣọ ní tiwọn. Paríparì rẹ̀, àwọn ọmọ ilé ní láti pọn omi kún un kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí ìtìjú ni kí àmù gbẹ mọ́jú.

Kí ni a ń bẹ̀rù? Òru ni. Aboyún lè rọbí lóru, ibà lè mú ọmọ, àlejò lè ti ọ̀nà jíjìn dé, iná lè ran orí ilé tí a fi koríko bò. Ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀ odò jìnnà, ọ̀nà sì ṣókùnkùn. Àwọn baba wa kò fún àṣà yìí ní orúkọ ńlá kan. Títọ́jú ilé ni wọ́n pè é. Ṣùgbọ́n òye tí ó wà nínú rẹ̀ kò kéré: wọ́n mọ̀ pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ní erékùṣù Èkó, níwájú Kòsọ́fẹ́ níbẹ̀, omi di ọ̀rọ̀ ìjọba. Kí omi ẹ̀rọ tó dé, kànga ni ọ̀pọ̀ ará Èkó gbójú lé. Ní òpópónà Kakawa, ilé ìdílé da Rocha, tí wọ́n ti Brazil padà wálé, gba orúkọ Ilé Omi nítorí kànga rẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń wá ra omi níbẹ̀. Ní ọdún 1908, nígbà tí ìjọba Gómìnà Walter Egerton fẹ́ fa omi ẹ̀rọ wọ ìlú kí àwọn ará ìlú sì máa san owó rẹ̀, Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti tako owó náà. Ọ̀pọ̀ ará ìlú gbà pé àwọn òyìnbó ni omi náà yóò ṣe lóore jù. Iṣẹ́ omi Ìjù bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1910. Nígbà tí a wá ń gba owó omi ní ọdún 1916, ìbínú tún ru sókè. Kétu àti Ìkòsì kò sí nínú ìjà yìí. Abúlé àgbẹ̀ àti apẹja ni wọ́n nígbà náà, àmù ni wọ́n sì ń lò lọ.

Láàrin àsìkò kan náà ni òfin mìíràn dé bá àmù. Ní ọdún 1897, Ronald Ross, dókítà òyìnbó kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní India, fi hàn pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri. Sir William MacGregor, tí ó jẹ́ gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904, jẹ́ dókítà pẹ̀lú, ó sì gbógun ti àbàtà àti omi tí kò ṣàn. Láti inú irú ogun bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ wolé-wolé ti gbilẹ̀, àwọn tí wọ́n ń wọ agbo ilé láti yẹ ìkòkò omi wò bóyá tanwíji wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá rí i, olúwarẹ̀ yóò fojú ba ilé ẹjọ́. Bí àwọn ìyá bá ti gbúròó wolé-wolé, kíá ni wọn yóò da omi nù. Òótọ́ ni wolé-wolé ń wí: omi tí a kò dé ni ẹ̀fọn ń yé ẹyin sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mú níbẹ̀ ni pé omi ìpamọ́ fúnra rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀, wọn kò rí i pé àìdé rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí àṣà ti pa láṣẹ tẹ́lẹ̀ ni òfin ìjọba wá ń fi ìtanràn tẹnu mọ́.

Lẹ́yìn òmìnira ọdún 1960, Èkó ya bo àwọn abúlé wọ̀nyí. Ilé di ìlú, ìlú di ọjà. Máìlì 12 di ibi tí ata, tòmátì, iṣu àti àlùbọ́sà ń gbà wọ Èkó. Nígbà tí a ka ènìyàn ní ọdún 2006, 665,393 ni a rí ní Kòsọ́fẹ́. Ní ọdún 1991 ni iṣẹ́ omi Adíyàn bẹ̀rẹ̀. Ó lè pèsè 70 mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù lóòjọ́, inú odò Ògùn kan náà, ní Àkútè, ni a sì ti ń fa omi rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ kò lè ṣàn láìsí iná mànàmáná tí yóò tì í, kò sì lè dé ilé tí a kò fa páìpù dé. Nítorí náà ni àwọn ènìyàn ṣe gbẹ́ kànga, tí àwọn tí ó lówó fi ẹ̀rọ gbẹ́ èyí tí ó jìn, tí àwọn tí kò ní èyíkéyìí sì ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà tí ń fi ọmọlanke ti kẹ́ẹ̀gì kiri àdúgbò.

Báyìí ni àmù ṣe pa awọ dà. Ó di dírọ́ọ̀mù, ó di kẹ́ẹ̀gì olómi lítà 25, ó di tánkì dúdú lórí òpó irin, ó sì di omi inú ọ̀rá tí a ń pè ní píọ̀ wọ́tà. Kò sí ilé kan ní Kétu tí kò pa omi mọ́ lónìí. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń ṣan tánkì? Ta ni ó mọ ohun tí kẹ́ẹ̀gì náà ti gbà tẹ́lẹ̀ kí ó tó gba omi? Mélòó ni dírọ́ọ̀mù tí a fi sílẹ̀ láìdé, tí a ń fi ike kan náà bu omi ìwẹ̀ àti omi mímu nínú rẹ̀? Ìkòkò pọ̀ sí i, òfin ìkòkò sì dínkù.

Ohun tí ó sọ èyí di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni pé odò Ògùn kò gbàgbé ọ̀nà rẹ̀. Ní ọdún 1983 ni a ṣí ìsédò Ọ̀yán, lórí odò Ọ̀yán tí ó ń ṣàn sínú Ògùn lókè Abẹ́òkúta. Ó lè gba omi tí ó tó 270 mílíọ̀nù kúbíìkì mítà. Bí òjò bá pọ̀ tí ìsédò kún, a ní láti tú omi sílẹ̀, ìsàlẹ̀ odò ni yóò sì gbà á. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, omi bo ilé ní Ajégúnlẹ̀ ojú ọ̀nà Ìkòròdú, ó bo apá kan Máìlì 12 àti Kétu, àwọn ènìyàn tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan sì kúrò nílé wọn. Ní ọdún 2019 ó tún ṣẹlẹ̀. Ẹ ro ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀: omi gbé ìdọ̀tí ṣáláńgá, ó dà á sínú kànga, a pa iná mànàmáná nítorí ewu, ẹ̀rọ tí ń fa omi sì dákẹ́, mẹ́rúwà kò rí ọ̀nà gbà. Omi dé ọrùn, síbẹ̀ omi mímu kò sí.

Àrùn a sì máa tẹ̀ lé e. Yorùbá pe kọ́lẹ́rà ní onígbáméjì, nítorí igbá ìgbẹ́ àti igbá èébì ni aláìsàn náà nílò. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde rẹ̀, Kòsọ́fẹ́ wà lára àwọn ibi tí a kọ́kọ́ dárúkọ, pẹ̀lú Eti-Ọ̀sà, Erékùṣù Èkó àti Ìkòròdú. Láti ọdún 1854, nígbà tí Dókítà John Snow mú kí a yọ ọwọ́ ẹ̀rọ omi Broad Street ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ayé ti ń kọ́ pé omi ni àrùn yìí ń gbà rìn. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1986 nípa Kàlìkọ́tà ní India ni ó kàn wá jù. Àwọn olùwádìí fún àwọn ìdílé tí onígbáméjì ti wọ ilé wọn ní ìkòkò amọ̀ tí ọrùn rẹ̀ há, wọ́n sì rí i pé àrùn náà kò ràn nínú ilé wọn bí ó ti ràn níbòmíràn, nítorí ọwọ́ kò lè bọ inú omi. Kí ni ìkòkò ọlọ́rùn híhá yìí bí kò ṣe orù àwọn ìyá wa?

Bí a bá fẹ́ dá òfin àmù padà sínú awọ rẹ̀ tuntun, ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro. Àwọn amòye ní kí ènìyàn kan ní nǹkan bí lítà 4 lóòjọ́ fún mímu àti oúnjẹ díẹ̀, fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán. Ìdílé ẹni mẹ́fà yóò nílò lítà 72: kẹ́ẹ̀gì olómi lítà 25 mẹ́ta ti tó o. Kí kẹ́ẹ̀gì náà jẹ́ èyí tí kò gba epo bẹntiróòlù tàbí oògùn apakòkòrò rí, kí a fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí a dé e pinpin, kí a gbé e síbi gíga tí òòrùn kò dé, kí a sì máa fi omi tuntun rọ́pò rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 wúwo tó kílò 25. Ọmọdé kò lè gbé e sá. Nítorí náà kí a di díẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 5, tàbí kí a ní àpò píọ̀ wọ́tà kan, èyí tí ó jẹ́ lítà 10, létí ìlẹ̀kùn nígbà tí oṣù kẹsàn-án bá wọlé. Omi tí a bá ń ṣiyèméjì sí, kí a sè é kí ó hó gidigidi fún ìṣẹ́jú kan.

Ẹnì kan lè bi wá pé ṣé ilé ni yóò ṣe iṣẹ́ ìjọba ni. Rárá o. Àwọn ará Èkó ọdún 1908 kò ṣe àṣìṣe bí wọ́n ti béèrè pé ta ni omi wà fún àti ta ni yóò san owó rẹ̀. Ìbéèrè náà ṣì wà nílẹ̀ fún Kétu àti Ìkòsì. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ pẹ̀lú ìjọba a máa gba ọdún, ìkún omi a máa dé ní òru kan. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ àmù, orù àti akèrègbè gẹ́gẹ́ bí ohun àtijọ́, ẹ má ṣe dúró lórí orúkọ. Ẹ kọ́ wọn ní òfin tí ó wà lẹ́yìn orúkọ náà: kí a ṣan án, kí a dé e, kí a má ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, kí ó má sì gbẹ mọ́jú.