Ìkúnlẹ̀ Abiyamọ: Ìtàn Ìrọbí Nínú Àpólà Kan

Bí ìyá bá fẹ́ bẹ ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀bẹ̀ tí kò ní lè kọ̀, ìkúnlẹ̀ abiyamọ ni ó máa ń fi bẹ̀ ẹ́. Kì í dárúkọ ìdùbúlẹ̀. Inú àpólà-orúkọ yìí ni èdè tọ́jú àṣà ìrọbí àtijọ́ sí.

Láyé àtijọ́, orí ìkúnlẹ̀ ni obìnrin Yorùbá ti máa ń bímọ. Ìrọbí kì í mú ènìyàn láìdáwọ́ dúró: a máa mú un, a sì tún máa jọ̀wọ́ rẹ̀. Nínú ìsinmi yẹn ni aboyún yóò rìn díẹ̀; bí ìrora bá tún dé, yóò kúnlẹ̀, yóò tẹ̀ síwájú, àgbà obìnrin kan yóò sì máa fi ọwọ́ ra á ní ìbàdí. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Bí aboyún bá fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja, ilé-ọmọ a máa tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tí ó wà níwájú ọ̀pá ẹ̀yìn. Bí ó bá kúnlẹ̀, ìnira yìí a dínkù, ìwúwo ọmọ náà a sì máa ràn án lọ́wọ́.

Àwọn òyìnbó pàápàá kò fi ìdùbúlẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àga ìbímọ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò kí François Mauriceau, oníṣègùn ilẹ̀ Faransé, tó tẹ ìwé jáde ní 1668, tí ó ní ibùsùn ni ó dára jù. Ní 1847, James Young Simpson bẹ̀rẹ̀ sí fi kulorofọ́ọ̀mù dín ìrora ìrọbí kù ní Edinburgh. Ní 1853, John Snow fún Ọbabìnrin Victoria ní díẹ̀ fà símú. Ìtura ńlá ni, ṣùgbọ́n ẹni tí òògùn bá kùn lóorun kò lè dá kúnlẹ̀ (Victoria kò sùn lọ ní tirẹ̀).

Ibùsùn náà ni ilé ìwòsàn bá wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ti Sacred Heart ní Abẹ́òkúta ti wà láti 1895. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìdùbúlẹ̀ di àṣà, ìyá àgbà tí ìbá máa ra ìbàdí sì di ẹni tí ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Èrè ilé ìwòsàn kò kéré, nítorí ìsun ẹ̀jẹ̀ kò ṣeé fi ìkúnlẹ̀ wò. Àmọ́ kò sí ìdí tí èrè kan fi níláti pa èkejì.

Ní 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí aboyún tí ara rẹ̀ dá máa rìn, kí ó yan ìdúró tí ó bá tù ú lára, kí ẹni tí ó bá yàn wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì fi ọwọ́ tàbí aṣọ lílọ́wọ́ọ́wọ́ dín ìrora rẹ̀ kù bí ó bá fẹ́. Lóde òní, ìyá tí ó jẹ́ pé orí ibùsùn ni ó ti bí gbogbo ọmọ rẹ̀ ṣì ń sọ fún wọn pé ìkúnlẹ̀ òun yóò gbè wọ́n.