Nọ́ńbà Ilé: Ṣé Kí A Gé Wáyà Tẹlifóònù Ni?

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ ilé kan ni a fẹ́ bá yín sọ, àti ọ̀rọ̀ tẹlifóònù tí ó wà nínú rẹ̀.

Àwa mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ yìí ni a gba yàrá lọ́dọ̀ Màmá kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Village, ní Dagenham, ní ìlà-oòrùn London. Tẹlifóònù ilé kan wà lórí tábìlì kékeré lẹ́bàá àtẹ̀gùn. Oṣù kan lè kọjá kí ó má dún ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Nígbà tí ìwé owó tuntun dé, a jókòó, a ṣírò, a sì fẹnu kò pé kí Màmá jẹ́ kí a gé e, kí ó ku íntánẹ́ẹ̀tì nìkan. Ta ni kò ní fóònù lápò lóde òní?

Màmá kò bá wa jà. Ó kàn béèrè pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, bí wọ́n bá ń wá mi láti ilé, ibo ni wọn yóò pè?" Ọ̀kan nínú wa dáhùn pé, "Màmá, ẹ ní fóònù alágbèéká, wọ́n á pè yín síbẹ̀." Màmá ní, "Èwo nínú rẹ̀? Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti yí nọ́ńbà ìyẹn padà." Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú wa lọ wo ìtàn.

Ìtàn wáyà láàárín Èkó àti London ti pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ wa ti rò lọ. Ní 1876 ni Alexander Graham Bell gba ìwé àṣẹ lórí tẹlifóònù. Ní 1879, London ti ní ilé ìsopọ̀ tẹlifóònù tirẹ̀. Ní 1886, wáyà tẹlígíráàmù tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ òkun dé Èkó, ìjọba amúnisìn sì ń fi í bá London sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó di 1893, tẹlifóònù wọ àwọn ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó. Ẹ kíyè sí i pé ọ́fíìsì ìjọba ni ó kọ́kọ́ wọ̀. Kí aláṣẹ lè rí ọ̀nà pàṣẹ ni wọ́n ṣe tẹ́ wáyà. Ìyá tí ó fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ kò sí nínú ètò náà.

Dagenham pàápàá ní ìpín tirẹ̀ nínú ìtàn yìí. Kí Ford tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ níbẹ̀ ní 1931, Sterling Telephone and Electric Company ti ní ilé-iṣẹ́ ní Dagenham, tí wọ́n ń ṣe tẹlifóònù. Láàárín 1921 sí 1935, ìjọba London kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé Becontree fún àwọn òṣìṣẹ́, ìlú sì yí abúlé àtijọ́ náà ká pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ibi tí àwa ń gbé lónìí ṣì ń jẹ́ orúkọ abúlé náà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Lẹ́yìn òmìnira, P&T ni ó ń bójú tó tẹlifóònù inú ilé, NET sì ń bójú tó ti òkè òkun. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Marina ní Èkó yóò mọ ilé gíga NET, alájà 32, tí wọ́n parí ní 1979, tí iná sì jó ní oṣù Kìíní 1983. Ní 1985 wọ́n da iṣẹ́ méjèèjì pọ̀, wọ́n pè é ní NITEL. Síbẹ̀, títí di 2001, ìlà tẹlifóònù tí ó wà ní Nàìjíríà kéré gan-an, bẹ́ẹ̀ àwa ènìyàn ibẹ̀ ti ju 100 mílíọ̀nù lọ.

Nítorí èyí, ẹni tí ó bá ní tẹlifóònù, gbogbo àdúgbò ni ó ní in. Ọmọ tí ó wà ní London yóò pe ilé aládùúgbò, wọn yóò rán ọmọdé lọ pe ìyá rẹ̀ wá, òun yóò sì tún pè lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú. Àwọn tí kò rí irú aládùúgbò bẹ́ẹ̀ yóò lọ tò sí ọ́fíìsì NITEL.

Inú ayé yẹn ni nọ́ńbà Màmá ti ṣe pàtàkì. Ní 1986 ni wọ́n so ìlà náà sí ilé yìí, nígbà tí 01 ni kóòdù gbogbo London. Ní 1990 kóòdù àdúgbò wa di 081. Ní 1995 ó di 0181. Ní 2000 ó di 020, tí 8 sì ṣáájú ìyókù. Orí nọ́ńbà yí padà lẹ́ẹ̀mẹta, ìrù rẹ̀ kò yí padà rárá. Orí ìlà yìí ni Màmá ti gbọ́ ikú bàbá rẹ̀ ní òru ọjọ́ kan ní 1991. Orí rẹ̀ náà ni ó ti gbọ́ igbe ọmọ-ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Nọ́ńbà náà wà nínú ìwé àwọn ènìyàn tí àwa kò mọ̀, ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti ní Ṣómólú.

Ní oṣù Kẹjọ 2001, Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, fóònù sì di ti ẹni kọ̀ọ̀kan. Ayọ̀ ńlá ni, a kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n NITEL kú láìsí ẹni tí ó dágbére fún un. Nígbà tí ó fi di 2015, NATCOM ti ra ohun ìní rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nọ́ńbà ilé bá a lọ, àwọn tí ó mọ wá nípasẹ̀ nọ́ńbà wọ̀nyí kò sì rí wa mọ́.

Ní Ìlú Ọba, wọ́n dá ọjọ́ fún tiwọn. Oṣù Kejìlá 2025 ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ pa ètò wáyà àtijọ́. Ní 2024 wọ́n sún un sí ọjọ́ 31 oṣù Kìíní 2027. Nígbà tí a mọ èyí, ojú ti wá díẹ̀: ohun tí àwa ń jiyàn lé lórí, àwọn mìíràn ti pinnu rẹ̀. Bí a óò ṣe kúrò lórí wáyà ni ó kù.

Ohun mẹ́ta ni a rí. Èkíní, nọ́ńbà kò níláti kú pẹ̀lú wáyà. Ó lè bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbé nọ́ńbà lọ ná. Ẹni tí ó bá gé ìlà kí ó tó gbé e lè pàdánù rẹ̀ pátápátá. Èkejì, wáyà àtijọ́ ń gba iná tirẹ̀ láti ilé ìsopọ̀. Ti íntánẹ́ẹ̀tì yóò kú bí iná ilé bá lọ. Òfin Ofcom ni pé kí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù fún ẹni tí tẹlifóònù ilé nìkan jẹ́ ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ ní ọ̀nà tí yóò fi lè pe 999 fún wákàtí kan, ó kéré tán, bí iná bá lọ. Ẹ̀kẹta ni ó bà wá lẹ́rù jù. Màmá ní bọ́tìnì lọ́rùn, tí ó lè tẹ̀ bí ó bá ṣubú. Orí wáyà tí a fẹ́ gé ni bọ́tìnì náà ti ń ṣiṣẹ́! Àwa tí a ń pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé kò rántí rẹ̀.

Ìpinnu wa nìyí. A kò ní gé ìlà náà. A ti bá Màmá pe ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù àti àwọn tí ó ni bọ́tìnì. Wọn yóò gbé nọ́ńbà lọ, wọn yóò fún un ní bátìrì, a ó sì dán bọ́tìnì wò níwájú wọn. Bí kò bá dún, kò sí ohun tí yóò kúrò níbi tí ó wà. Àwa mẹ́ta ni a ó máa san owó náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dá gbé yàrá, ẹ gé tiyín bí ó bá wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lọ́dọ̀ àgbàlagbà, ẹ wo ọrùn wọn, ẹ wo ìwé nọ́ńbà wọn, kí ẹ sì béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà. Ire o.