Ta Ni Yóò Ṣọ́ Ẹni Tí Kò Lè Ṣọ́ Ara Rẹ̀? Ìtàn Ìtọ́jú Alárùn Ọpọlọ Láti Yábàá Dé Àró

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní wèrè dùn ún wò lọ́jà, kò ṣe é bí lọ́mọ. Òwe yìí pín àwùjọ sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi aláìsàn ṣe ìran wò. Àwọn kan sì wà tí wọn yóò mú un dé ilé, tí wọn yóò wẹ̀ ẹ́, tí wọn yóò fún un ní oúnjẹ, tí wọn yóò sì máa bá a pinnu ohun tí kò lè pinnu fún ara rẹ̀ mọ́. Lọ́wọ́ àwọn ẹni kejì yìí ni ẹ̀mí, owó àti iyì ẹni tí làákàyè rẹ̀ ti dàrú wà. Nítorí náà, bí a bá ń pìtàn ìtọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa, kò tó kí a ka iye ilé-ìwòsàn tí a kọ́ àti irú oògùn tí a lò. Ó yẹ kí a béèrè pé: ta ni a fi ṣe olùṣọ́, kí ni a sì kọ́ olùṣọ́ náà?

Ní ayé àtijọ́, ẹbí ni ó kọ́kọ́ ń gbé ẹrù yìí. Bí ọ̀ràn bá ju agbára wọn lọ, wọn a mú aláìsàn lọ sí ilé oníṣègùn tí ó mọ iṣẹ́ wèrè wíwò. Irú oníṣègùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ó ti kọ́ṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ lọ́dọ̀ baba rẹ̀ tàbí lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀; ó mọ ewé, ó mọ egbò, ó sì mọ ọfọ̀. Ó mọ egbò asofẹ́yẹjẹ tí í mú kí ara aláìsàn balẹ̀, kí ó sì sùn. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fi hàn lẹ́yìn náà pé ohun kan wà nínú egbò yìí tí í pẹ̀tù sí ọpọlọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ kan náà ni ààbà, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán wà. A kọ́ ọmọ-iṣẹ́ bí yóò ti de aláìsàn mọ́lẹ̀ kí ó má baà ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn léṣe. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ olùṣọ́ bá le jù, aláìsàn kò ní ẹni tí yóò ké gbà.

Ìjọba amúnisìn dé, ó sì mú ọ̀nà tirẹ̀ wá. Ní 1904, a dá ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ sílẹ̀ ní Calabar. Ní 1907, a dá òmíràn sílẹ̀ ní Yábàá ní Èkó. Ní 1916, ìjọba ṣe òfin kan tí ó fún adájọ́ ní àṣẹ láti fi ẹni tí a bá pè ní wèrè sí àtìmọ́lé. Lójú òfin yìí, ààbò ìlú lọ́wọ́ aláìsàn ni ó ṣe pàtàkì. Ààbò aláìsàn fúnra rẹ̀ kò jọ ẹnikẹ́ni lójú. Àwọn tí kò rí àyè ní Yábàá tàbí Calabar bá ara wọn nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, láàárín àwọn ọ̀daràn. Iṣẹ́ tí ó wà lọ́rùn àwọn òṣìṣẹ́ ni pé kí ẹnikẹ́ni má sá lọ. Ohun tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé a ti já aláìsàn gbà lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀, a kò sì fi ẹni tí ó mọ̀ ọ́n rọ́pò wọn. Nígbà tí Dókítà Cunyngham Brown rin ilẹ̀ Nàìjíríà já ní 1936 láti wo ipò tí àwọn aláìsàn wọ̀nyí wà, ohun tí ó rí kò mú orí ìjọba wú.

Ogun Àgbáyé Kejì ni ó sún ọ̀rọ̀ yìí síwájú. Àwọn ọmọ-ogun kan ti ojú ogun dé pẹ̀lú ọpọlọ tí ó ti dàrú, a sì fi wọ́n sí Lántòrò ní Abẹ́òkúta ní 1944. Ibẹ̀ ni gbòǹgbò ohun tí ó di ilé-ìwòsàn Àró. Ní 1954, ọmọ Abẹ́òkúta kan, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, tí a bí ní 1923, ti Ìlú Ọba dé lẹ́yìn tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham àti ìṣègùn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìjọba fi ìdarí Àró lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kíkọ́ ilé-ìwòsàn náà kò tí ì parí. Níbo ni yóò fi àwọn aláìsàn sí?

Lambo yíjú sí àwọn abúlé tí ó yí Àró ká. Ó bá àwọn ará abúlé sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sí yàrá nínú ilé wọn, kí wọ́n sì máa gba owó ilé. Ṣùgbọ́n ó fi ohun kan lélẹ̀: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ẹnìkan nínú ẹbí rẹ̀ ní láti bá a wá, ìbáà ṣe ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, kí ó máa se oúnjẹ rẹ̀, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó máa mú un lọ gba ìtọ́jú ní òwúrọ̀, kí ó sì mú un padà ní ọ̀sán. Ilé-ìwòsàn yá àwọn ará abúlé lówó láti fi kún ilé wọn. Ó fa omi fún wọn, ó sì gbógun ti ẹ̀fọn. Báyìí ni abúlé rí èrè, tí aláìsàn sì rí ibùgbé láàárín ènìyàn.

Ẹ̀kọ́ pọ̀ nínú ètò yìí. Ìyá tí ó ń bá ọmọ rẹ̀ lọ gba ìtọ́jú lójoojúmọ́ ní àǹfààní láti mọ àmì àìsàn náà, láti mọ ìgbà tí oògùn yẹ àti ìgbà tí ara bá ń yí padà. Bí wọ́n bá padà sí ìlú wọn, olùṣọ́ tí ó ti kọ́ iṣẹ́ ni ó bá aláìsàn padà. Àwọn nọ́ọ̀sì, ní tiwọn, kọ́ láti ṣọ́ ẹni tí kò sí ògiri tí ó sé e mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu àti sùúrù di irin-iṣẹ́ wọn. Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, ó jẹ́ kí wọ́n bá òun ṣiṣẹ́ lábẹ́ àbójútó. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: dókítà mọ oògùn, ẹbí mọ ènìyàn. Ní 1961, àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà àti òkèèrè péjọ sí Abẹ́òkúta fún ìpàdé ìṣègùn ọpọlọ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ adúláwọ̀. Lambo fúnra rẹ̀ di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968, ó sì ṣe igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé láti 1973 sí 1988. Ó fi ayé sílẹ̀ ní 2004.

Síbẹ̀, Àró nìkan kò lè tún gbogbo ilẹ̀ ṣe. Òfin wèrè ti ayé amúnisìn ṣì wà nínú ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn òmìnira. Ní 2019, àjọ Human Rights Watch jábọ̀ pé òun ti bẹ ibi ìtọ́jú méjìdínlọ́gbọ̀n wò ní Nàìjíríà, láti ọ̀dọ̀ ìjọba títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn àti oníṣègùn ìbílẹ̀, òun sì rí àwọn ènìyàn nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Nínú àwọn tí ó ń de ènìyàn mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe gbogbo wọn ni ìkà. Ọ̀pọ̀ ẹbí ni ẹ̀rù bà, tí kò sì sí ẹni tí ó kọ́ wọn ní ọ̀nà mìíràn.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, òfin àtijọ́ náà sì kásẹ̀ nílẹ̀. Òfin tuntun fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti lóhùn sí ìtọ́jú ara rẹ̀. Ohun rere ni èyí. Ṣùgbọ́n òfin kò ní ojú tí yóò fi rí àgbàlagbà tí ó ń ṣarán, tí àwọn ọmọ ń fi àtẹ̀ka rẹ̀ ta ilẹ̀. Kò ní etí tí yóò fi gbọ́ igbe ẹni tí a tì mọ́ yàrá. Nọ́ọ̀sì, olùkọ́, ọlọ́pàá àti ẹbí ni ojú àti etí òfin, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ náà. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n mọ̀ kò ṣòro í sọ: kí a kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ aláìsàn kí a tó pinnu fún un, kí a má ṣe rò pé ẹni tí kò lè ṣírò owó kò lè mọ ibi tí ó fẹ́ gbé, bí a bá sì ní láti pinnu fún un, kí ó jẹ́ fún ire tirẹ̀, kì í ṣe fún ìrọ̀rùn olùṣọ́.

Ní Àró ní 1954, yàrá nínú ilé àgbẹ̀ àti ìyá kan tí ó mọ ọ̀nà ilé-ìwòsàn tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń kọ́ ènìyàn níṣẹ́ ìtọ́jú lónìí lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú.